Àlejò Níbi Ọdún: Ẹ̀rí Arìnrìn-àjò Nínú Ìtàn Ọdún Ìbílẹ̀, Láti Ìrè-Èkìtì Dé Cuzco

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ọdún ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi òwe yìí ṣeré, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tí ó wà ní àkọsílẹ̀ nípa ọdún àwọn baba wa, ojú àlejò ni a fi rí i, ọwọ́ àlejò ni a sì fi kọ ọ́. Òyìnbó arìnrìn-àjò, àlùfáà ìjọ, ajẹ́lẹ̀ ìjọba àti oníwàádìí láti yunifásítì, àlejò ni gbogbo wọn níbi ọdún tí wọ́n ròyìn. Àwọn tí wọ́n ni ọdún kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé, báwo ni òpìtàn ṣe lè lo ẹ̀rí àlejò láìjẹ́ pé àlejò náà gba ọdún mọ́ onílé lọ́wọ́? Ẹ̀rí mẹ́ta ni a óò gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa Ògún ní Ìrè-Èkìtì. Èkejì ni ìròyìn tí Hugh Clapperton kọ nípa eré tí ó wò ní Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826. Ẹ̀kẹta ni ọdún oòrùn àwọn Inka ní Cuzco, ní ilẹ̀ Peru, tí a ń pè ní Inti Raymi. Èrò wa ni pé ìròyìn àlejò kì í ṣe àwòrán ọdún. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ni, ìpàdé láàárín ẹni tí ó wá wòran àti ẹni tí ó gbà á lálejò. Bí a bá lò ó bẹ́ẹ̀, ó wúlò púpọ̀. Bí a bá gbàgbé, ìròyìn a di òfin, àlejò a sì di onílé.

2. Ògún ní Ìrè

Ìrè-Èkìtì, ní agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ni ìlú tí a fi ń pe Ògún ní Ògún Onírè. Ẹ̀dà ìtàn tí ó so ó mọ́ ìlú náà ju ẹyọ kan lọ. Nínú ẹ̀dà kan, ojú ogun ni ó ti ń bọ̀ tí òùngbẹ fi gbẹ ẹ́, tí ó sì yà ní Ìrè. Nínú ẹ̀dà mìíràn, irú èyí tí Pierre Verger kọ sílẹ̀, Ògún ti fi ọmọ rẹ̀ jọba ní Ìrè kí ó tó padà sójú ogun, ọdún púpọ̀ sì ti kọjá kí ó tó tún fojú kan ìlú náà. Ẹ̀dà méjèèjì pàdé lórí kókó kan: ọjọ́ tí ó dé jẹ́ ọjọ́ àjọ tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ èèwọ̀. Ó kí wọn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó rí agbè ẹmu tí wọ́n wà ní ìdúró, ó rò pé ẹmu kún inú wọn. Ó gbé wọn wò, òfìfo ni wọ́n. Ó ka gbogbo rẹ̀ sí ìwọ̀sí, ó yọ idà, ó sì bẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lórí. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó mọ ìdí tí wọ́n fi dákẹ́. Àbámọ̀ mú un, ó fi idà rẹ̀ gún ilẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ.

Ìtàn ìbínú Ògún ni a sábà máa ń ka èyí sí, kíkà bẹ́ẹ̀ kò sì burú. Ṣùgbọ́n òpìtàn lè kà á ní ọ̀nà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ìtàn àlejò tí ó ṣi ọdún kà. Àṣìṣe mẹ́ta ni àlejò yìí ṣe. Lọ́nà kìíní, òùngbẹ tirẹ̀ ni ó fi wo ohun gbogbo. Ẹmu ni ó ń wá, nítorí náà agbè ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ rí. Lọ́nà kejì, ó ti ara ìrísí nǹkan mọ inú rẹ̀. Agbè tí ó dúró, ó ní láti kún. Lọ́nà kẹta, ó rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ń bo ọdún mọ́lẹ̀ fún òun, bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gan-an ni ọdún. Ohun tí ó ń wá wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ tí yóò fi pè é.

Kókó kan ṣẹ́kù tí ó ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Àwọn tí àṣìṣe náà pa lára ni wọ́n ń pa ìtàn náà mọ́. Wọn kò fi bò pé àlejò ṣi èèwọ̀ ọdún kà, wọn kò sì fi bò pé ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Síbẹ̀, àlejò yìí kan náà ni ó di òrìṣà ìlú, tí a ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Oríkì rẹ̀ pàápàá kò jẹ́ kí a gbàgbé pé Ìrè kọ́ ni ilé rẹ̀, ẹmu ni ó yà mu níbẹ̀. A kò sọ pé a lè fi ọjọ́ àti ọdún sí ìtàn yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ará Ìrè ti ronú jinlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí àlejò kí àlejò kankan tó gbé ìwé àti kálámù wọ ilẹ̀ wọn. Àlejò tí kò mọ òfin ọdún lè di olúwa ọdún. Ohun tí onílé lè ṣe ni kí ó fi àṣìṣe àlejò sínú ìtàn ọdún náà.

3. Clapperton ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu bọ́ sórí àkọsílẹ̀. Ní ìparí oṣù November 1825, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó jẹ́ ọ̀gágun ojú omi, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Sókótó ni ó ń lọ. Captain Pearce àti Dókítà Morrison tí wọ́n jọ gbéra kú lójú ọ̀nà. Richard Lander, ìránṣẹ́ rẹ̀, ni ó bá a dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Haúsá ń pè ní Katunga, ní 23 January 1826. Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di 7 March. Clapperton kú nítòsí Sókótó ní April 1827; Lander ni ó gbé ìwé rẹ̀ dé ilé, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní London ní 1829.

Nínú ìwé náà ni a ti rí ìròyìn eré tí wọ́n ṣe fún ọba àti àlejò rẹ̀ ní 22 February 1826. Apá mẹ́ta ni eré náà ní. Ní apá kìíní, àwọn òṣèré tí wọ́n fi àpò bo ara láti orí dé ẹsẹ̀ jó, wọ́n sì tàkìtì. Ní apá kejì, erè ńlá kan jáde, ó ń wọ́ káàkiri, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré sì ń dọdẹ rẹ̀. Ní apá kẹta, aṣọ rọra ṣí kúrò lára òṣèré kan, òyìnbó sì yọ jáde: funfun bí ìda, ó rù, òtútù mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń ra ọwọ́ pọ̀, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún ní àtẹ́lẹsẹ̀. Láàárín apá kan sí èkejì, àwọn ayaba ń kọrin, àwọn èrò ìwòran sì ń gbè é. Nígbà tí òyìnbó yìí jáde, ẹ̀rín sọ, àwọn ènìyàn sì yíjú sí Clapperton láti mọ̀ bí eré náà ṣe rí lójú tirẹ̀.

Kí ni àlejò yìí rí, kí ni kò sì rí? Àpò ni ó pe ohun tí àwọn òṣèré wọ̀. Joel Adédèjì, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969 àti nínú àwọn iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e, ti fi hàn pé eégún alárìnjó ni Clapperton wò. Agọ̀ ni àpò náà, inú agọ̀ kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn lásán wà. Erè àti òyìnbó jẹ́ ara ìdán tí àwọn alárìnjó ń pa láti fi àwọ̀ ẹranko tàbí ti ará ìlú mìíràn han ènìyàn. Agbè tí ó wà ní ìdúró ni Clapperton rí. Kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kókó kejì wà tí ó kan òṣèlú. Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àkókò tí àwọn olórí ìlú mìíràn bá wá kí ọba ni wọ́n máa ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn yìí tó fún òpìtàn tí ó mọ Ọ̀yọ́ láti ronú kan ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí àwọn ìlú tí wọ́n wà lábẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo òrùlé ààfin. Samuel Johnson ṣàpèjúwe ọdún náà nínú ìwé ìtàn tí ó parí ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921. Koríko kò níye lórí lójú àlejò. Lójú ọba, ẹrù koríko kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìbúra pé ìlú kan ṣì ń sìn ín. Ní 1826, Ìlọrin ti já kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, Afọ̀njá ti kú, ogun sì ń sún mọ́lé. Ìròyìn tí ó tóbi jù ní ọdún náà, nígbà náà, ni ti àwọn tí kò wá. A kì í rí ẹni tí kò wá. Onílé nìkan ni ó lè ka iye àlàfo tí ó wà nínú àwùjọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Ìrè ni èyí náà, ní ọ̀nà mìíràn.

Kò tọ́ kí a tìtorí èyí da ẹ̀rí Clapperton nù. Àlejò kì í ríran, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ ohun tí onílé kò ní kọ láéláé, nítorí pé onílé ti mọ̀ ọ́n. Ó fún wa ní ọjọ́, ó fún wa ní bí apá eré ṣe tẹ̀lé ara wọn, ó fún wa ní ipò tí orin àwọn ayaba wà nínú eré. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó fún wa ní ohun kan tí kò mọ̀ pé òun ń fún wa. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ti wo òyìnbó, wọ́n ti ṣe ìdájọ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé ìdájọ́ náà jáde níwájú rẹ̀: ẹni tí òtútù ń mú lábẹ́ oòrùn, tí kò lè fi ẹsẹ̀ òfìfo tẹlẹ̀. Clapperton rò pé òun ni òun ń wòran. Ẹ̀rí tirẹ̀ fi hàn pé òun gan-an ni ìran náà. Nínú ìwé tí a kọ láti fi ròyìn Áfíríkà fún àwọn ará London, ìròyìn nípa òyìnbó láti ẹnu ará Ọ̀yọ́ ti gba ẹ̀yìn wọlé.

4. Inti Raymi ní Cuzco

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a wo Cuzco, níbi tí ìwé àlejò ti lọ jìnnà ju bí ti Clapperton ṣe lọ. Orí òkè ni ìlú náà wà, ní nǹkan bí mítà 3,400 sókè òkun. Ìhà gúúsù ayé ni, nítorí náà oṣù June ni ọ̀sán ibẹ̀ máa ń kúrú jù, tí òtútù sì ń mú jù. Ìgbà tí oòrùn bá ti rìn jìnnà sí wọn tán ni wọ́n ń pè é padà. Ní ọ̀dọ̀ wa, òjò àti iṣu ni wọ́n ń pín ọdún. Oòrùn kì í jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi máa bẹ̀ ẹ́. Fún àwọn Inka, oòrùn ni baba ńlá ọba, bí Odùduwà ti jẹ́ fún àwọn ọba wa.

Ẹ̀rí pàtàkì méjì ni a fẹ́ lò. Èkíní ni ti àlùfáà ará Spain kan tí a gbà pé Bartolomé de Segovia ni, aṣojúmikòró tí ó wà ní Cuzco ní 1535, ọdún kejì lẹ́yìn tí àwọn ará Spain wọ ìlú náà. Ó ròyìn ọdún tí Manco Inka ṣe ní pápá kan lẹ́yìn ìlú, ní April, nígbà ìkórè àgbàdo. Àwọn ìjòyè tò ní ìlà méjì, wọ́n dákẹ́ títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Bí ó ti yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Bí oòrùn ti ń gòkè ni ohùn wọn ń gòkè títí di ọ̀sán gangan, bí ó sì ti ń wọ̀ ni ohùn wọn ń rẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe èyí. Ní ìparí, ọba fi ohun ìtúlẹ̀ kan ilẹ̀, kí gbogbo ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1536, Manco Inka yìí kan náà dìde ogun sí àwọn ará Spain, ó sì dó ti Cuzco.

Èkejì ni ti Garcilaso de la Vega. Ọmọ ọba Inka ni ìyá rẹ̀, ọ̀gágun ará Spain sì ni baba rẹ̀. Cuzco ni a ti bí i ní 1539, lẹ́yìn tí ìjọba Inka ti ṣubú. Ó fi ilé sílẹ̀ ní 1560, kò sì padà mọ́. Ní 1609, nígbà tí ó ti di ẹni àádọ́rin ọdún, ìwé rẹ̀ jáde ní Lisbon. Ìròyìn Inti Raymi tí ó wà nínú rẹ̀ kún: àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí a kò dá iná ní ìlú, ọba láìwọ bàtà, tí ó ń retí oòrùn ní òwúrọ̀, ife wúrà méjì tí ó kún fún ọtí àgbàdo, ohun tí ó súnmọ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tiwa, ọ̀kan fún oòrùn, ọ̀kan fún ọba àti ìdílé rẹ̀. Ó tún sọ ohun kan tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Àwọn olórí ìlú tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Inka kì í wọ tẹ́ḿpìlì oòrùn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀bùn wọn lé àlùfáà lọ́wọ́. Ọdún náà mọ àlejò, ó sì ní ibi tí àlejò ń dé dúró.

Àwọn aláṣẹ Spain fòfin de ọdún yìí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ní 24 June 1944, àwọn ọmọ Cuzco, tí Humberto Vidal Unda jẹ́ aṣáájú wọn, tún un gbé jáde gẹ́gẹ́ bí eré ìta gbangba. Faustino Espinoza Navarro kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Quechua, òun náà ni ó sì ṣe ọba. Ibo ni wọ́n ti rí ìlànà? Ìwé Garcilaso ni. Ìwé ẹni tí kò fojú rí ọdún náà nígbà tí ìjọba Inka wà lójú agbára, tí ó gbọ́ ọ láti ẹnu àwọn ará ìyá rẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta lẹ́yìn tí ó ti kúrò nílé, ni ó di òfin ọdún. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Ní pápá Sacsayhuamán, arìnrìn-àjò láti gbogbo ayé ń sanwó láti jókòó níbi tí yóò ti ríran dáradára. Àlejò tí ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà nígbà kan rí ti wá gba ìjókòó iwájú.

Kì í ṣe pé a ń fi àwọn ará Cuzco ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìlú tí a ti ń fojú tín-ínrín èdè Quechua fún ọ̀rúndún mẹ́rin, kí a gbé e jáde ní gbangba gẹ́gẹ́ bí èdè ọba kì í ṣe nǹkan kékeré, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ti sọ ọdún náà di tiwọn. Ohun tí a fẹ́ kí a kíyè sí ni iye tí wọ́n san. Orin ọlọ́jọ́ mẹ́jọ tí ń bá oòrùn gòkè, tí ń bá a wọ̀, tí aṣojúmikòró gbọ́ ní 1535, ti di eré ọjọ́ kan. Ìwé tí ó kún jù ni ó borí, kì í ṣe èyí tí ó súnmọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ jù.

5. Ohun tí èyí kọ́ wa ní àríwá Èkìtì

Ìwé pẹ́ kí ó tó dé ilẹ̀ Èkìtì. Ọ̀nà tí Clapperton gbà kò kan ibẹ̀. Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni ó mú orúkọ ọ̀pọ̀ ọba Èkìtì wọ ìwé àwọn òyìnbó. Ọọ̀rẹ̀ Ọ̀tùn wà lára àwọn ọba tí ìwé àdéhùn àlàáfíà 1886 dárúkọ. Ní 1900, ìjọba òyìnbó fi Ọ̀tùn sí abẹ́ Ìlọrin, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di 1936 tí ó padà sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀ ní Èkìtì. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógójì, ẹni tí ó ń kọ̀wé nípa Ọ̀tùn fún ìjọba, Ìlọrin ni ó kọjú sí. Àlejò tí ó ní òùngbẹ tirẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀: owó-orí, ààlà ilẹ̀ àti ipò ọba ni ó ń wá. Bí ọdún ìbílẹ̀ bá wọ ìwé rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ó gbà wọlé.

Ìṣòro náà kò tán pẹ̀lú òyìnbó. Ọmọ ìlú tí ó ti Èkó wá sílé fún ọjọ́ méjì, tí ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sókè níwájú eégún, àlejò ni. Oníwàádìí tí ó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ẹ̀ka-èdè Mọ̀bà tàbí ti Ìkọ̀lé dáradára, àlejò ni. Àwa tí a jókòó níbi àpérò yìí kò yọ sílẹ̀. Nítorí náà a dábàá ìbéèrè mẹ́rin tí ó yẹ kí a bi ìròyìn ọdún yòówù, ìbáà jẹ́ ti Clapperton, ìbáà jẹ́ tiwa.

Èkíní: kí ni òùngbẹ ẹni tí ó kọ ọ́? Ohun tí ó ń wá ni yóò kọ́kọ́ rí. Èkejì: ta ni ó gbà á lálejò, kí sì ni ó fẹ́ kí àlejò rí? Aláàfin tí ó fi eré hàn Clapperton ni ó sọ fún un pé òun retí pé bíbọ̀ òyìnbó yóò tún ìlú òun ṣe; ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè yà kúrò lára ara wọn. Ẹ̀kẹta: ibo ni àlejò dúró, ibo ni wọn kò sì jẹ́ kí ó dé? Ẹ̀kẹrin: kí ni kò ṣẹlẹ̀? Ta ni kò wá, kí ni a kò sọ, iná wo ni a kò dá? Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù, nítorí pé ojú lásán kò lè rí i. Onílé ni a gbọ́dọ̀ bi, a sì gbọ́dọ̀ bi í lẹ́yìn tí àkókò èèwọ̀ bá ti kọjá.

6. Ìgúnlẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, iye ọjọ́ tí a fi ń ṣe ọdún ń dínkù, àwọn àwòrò ń dàgbà, àwọn ọmọ wọn sì ti gba ẹ̀sìn mìíràn. Ọjọ́ lè dé tí ọmọ ìlú kan yóò fẹ́ gbé ọdún tí ó ti parun dìde, bí wọ́n ti ṣe ní Cuzco ní 1944, tí kò sì ní rí ohunkóhun dìmú bí kò ṣe ìwé àlejò. Bí ìwé náà bá sọ ohun tí àlejò rí nìkan, ọdún àlejò ni yóò gbé dìde.

Ìdí nìyí tí a fi rọ àwọn akẹgbẹ́ wa pé, nígbà tí a bá ń kọ ìròyìn ọdún, kí a kọ ibi tí a ti dá wa dúró, kí a kọ ìbéèrè tí a kò rí ìdáhùn sí, kí a sì kọ orúkọ tí onílé ń pe nǹkan kí a tó kọ èyí tí àwa pè é. Kì í ṣe pé kí a tú àṣírí ohun tí onílé fi pamọ́. Kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ ni. Àwọn ará Ìrè kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé agbè náà kún. Wọ́n sọ ìtàn bí ó ṣe ṣófo, àti ti ẹni tí ó rò pé ó kún. Nítorí pé wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọdún náà ṣì jẹ́ tiwọn.